Abẹ́ Kọnkéré Ni Iṣẹ́ Wà

Láti ìgbà tí ewéko ti padà sí àgbàlá ilé wa ní Ìkòròdú, irúgbìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá tọrọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n á ní kí n gé pèrègún fún àwọn, tàbí kí n júwe ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti ra igi ọsàn. Mo máa ń fún wọn tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í balẹ̀, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé lọ yẹn máa kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbìn ín sí ti wà lábẹ́ kọnkéré fún ọdún púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú kó tó lè gba gbòǹgbò. Èmi náà kò rí ẹni sọ fún mi. Owó tí mo fi ra igi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ilẹ̀ jẹ.

Ilé bàbá wa ni mò ń sọ, nínú ìgboro, tí kò jìnnà sí Sábó. Nígbà ayé bàbá, ilẹ̀ lásán ni àgbàlá náà. Igi máńgòrò kan dúró láàárín, ewúro tò sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì, àwọn obìnrin ilé sì máa ń já gbúre lẹ́yìn ilé láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín. Lẹ́yìn tí bàbá kú, ẹbí jókòó, a sì fẹnu kò pé kí á tún ilé ṣe kí owó ilé lè gòkè. Kò sẹ́ni tó jiyàn nígbà tí wọ́n dárúkọ kọnkéré, torí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fẹ́ ẹ kò ṣòroó mọ̀. Ilẹ̀ pupa Ìkòròdú máa ń di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí òjò bá ti dé. Koríko ń hù, ẹni tó máa ro ó kò sí nílé. Ẹ̀rù ejò ń bani. Ọkọ̀ ayálégbé ń rì. Lójú ọ̀pọ̀ wa pẹ̀lú, àgbàlá tó mọ́ ni àgbàlá tí ewé kan ò sí nílẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gé máńgòrò nìyẹn. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n da kọnkéré láti ẹ̀yìn ilé bọ̀ wá síwájú, wọ́n sì to ìńtálọ́ọ̀kì sí ẹnu géètì. Ó rẹwà gan-an. Ìyá mi nìkan ló béèrè ibi tí òun á máa jókòó sí lọ́sàn-án.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, kò sí ibi tó lè jókòó sí. Kọnkéré ń mu oòrùn láti àárọ̀, ó sì ń tú ooru náà jáde díẹ̀díẹ̀ títí di òru, nígbà tí èèyàn ń wá atẹ́gùn. Bí iná bá lọ, yàrá kò ṣeé sùn, ìta náà kò sì ṣeé tẹ́ ẹní sí. Iṣẹ́ méjì ni máńgòrò yẹn ti ń ṣe fún wa tí a kò kà sí. Òjìji rẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn kan ilẹ̀, omi tí gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fà sókè ń gba ojú ewé jáde sínú afẹ́fẹ́, àyíká á sì tutù. Kò sí fáànù tó lè ṣe ìyẹn fún odindi àgbàlá.

Òjò ló wá jẹ́ kí ojú wa rí nǹkan. Nígbà tó jẹ́ ilẹ̀, a kò ní gọ́tà kankan nínú ọgbà, torí ilẹ̀ ló ń mu omi. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí òjò tó rọ̀ bá tó mìlímítà 1, lítà omi 1 ló ti bọ́ sórí ibi tó gùn ní mítà 1 tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Àgbàlá tó jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, bí òjò ńlá kan bá fún un ní mìlímítà 50, lítà 5,000 nìyẹn, a kò sì tíì ka omi tó ń ti orí òrùlé bọ̀ mọ́ ọn. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Èkó lóṣù kẹfà. Omi yẹn gbọ́dọ̀ wá ibi kan gbà, ibi tó sì rí ni ẹnu ilẹ̀kùn Ìyá Rìsì, ayálégbé wa tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Òru ló wọlé bá a, òun àti ọmọ ọwọ́. Tìmùtìmù tí wọ́n sùn lé, aṣọ, àpò ẹ̀wà tó fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín tà, gbogbo rẹ̀ ló rin.

A fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sókè. Omi yà lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ìjà sì dé. Aládùúgbò náà gbé tirẹ̀ sókè, omi padà sọ́dọ̀ wa. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo òpópónà náà dáadáa. Ìgboro Ìkòròdú ga ju etí ọ̀sà lọ. Ìhà Ẹ̀bútẹ̀ àti odò Májídùn ni omi wa ń sáré lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan tó bá ti fi kọnkéré bo ilẹ̀ rẹ̀ tán ń ti omi tirẹ̀ sí ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń jìyà gbogbo wa, òun sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò lówó láti gbé ilé sókè. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ọmọ àbúrò mi kan ló fi hàn mí lórí fóònù pé àwọn ìlú kan ti ń hú kọnkéré tiwọn kúrò nílẹ̀. Ní Portland, ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Depave. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń hú ọ̀dà títì kúrò ní ọgbà ilé-ìwé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ní Netherlands, ìlú Amsterdam àti Rotterdam bá ara wọn díje lọ́dún 2020 láti mọ ìlú tó máa hú òkúta àgbàlá jù, àwọn ìlú yòókù sì dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Mo sọ fún ara mi pé bí àwọn tí òtútù ń dá dúró fún oṣù púpọ̀ lọ́dún bá lè ṣe é, àwa tí Ọlọ́run fún ní òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò kò ní àwáwí.

Bíríkìlà tí mo pè fẹ́ fọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn ṣì máa rìn, àgbàlagbà máa kọjá sí balùwẹ̀ lóru, ẹrẹ̀ tí gbogbo ilé sá fún kò gbọ́dọ̀ padà wá. Ibi tó sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ògiri, torí omi tó bá ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ ń jẹ ilé. Orí sókàwéè àti àyíká rẹ̀, ẹ má gbin ohun jíjẹ síbẹ̀. Kí ẹ tó fi díígà kan ilẹ̀, ẹ wádìí ibi tí páìpù omi àti wáyà iná gbà. Tiwa kò ní àwòrán kankan nílẹ̀, ọ̀gá púlọ́ńbà tó ṣe é ti kú, a sì fọ́ páìpù bọ́ọ̀hóòlù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Odindi ilé ló pọn omi lóde títí wọ́n fi tún un ṣe. Nígbà tó yá, a kọ́ láti gbẹ́ ihò kékeré wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a tó gbé háńmà ńlá sókè.

Ìńtálọ́ọ̀kì rọrùn. Bí wọ́n bá tò ó lórí yanrìn láìsí sìmẹ́ǹtì lábẹ́, ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń yọ ọ́ bí ẹyọ àkọ́kọ́ bá ti jáde, ó sì tún ṣeé lò níbòmíràn. Kọnkéré gidi ló ń gba agbára. Ohun tí kò sẹ́ni tó máa ń rántí ni ibi tí wọ́n máa da àfọ́kù sí. Àwọn ọlọ́mọlanke ṣetán láti gbé e lówó pọ́ọ́kú, inú gọ́tà tàbí etí odò ni wọ́n sì ń dà á sí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí èèyàn bá tìtorí omi fọ́ kọnkéré, tó tún wá fi àfọ́kù rẹ̀ dí ọ̀nà omi, kí ló ṣe? A fi èyí tó tóbi ṣe etí ebè, a fi àwọn kékeré kún kòtò gígùn kan tí a gbẹ́ sí ibi tí omi òrùlé ń dà sí, kí omi lè máa dúró níbẹ̀ kó sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kù, àwọn ará òpópónà kó o dí ihò ojú ọ̀nà.

Inú mi dùn nígbà tí ilẹ̀ yọjú. Mo gbin ọsàn kan, mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí i, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ewédú hù, ó dúró sójú kan, ó gbẹ. Tẹ̀tẹ̀ ga díẹ̀, ó sì so kí ó tó ní ewé. Ewé ọsàn náà di àwọ̀ ìyeyè, iṣan àárín ewé nìkan ló kù ní tútù. Ẹnì kan ní ilẹ̀ ni kò lọ́ràá, pé kí n lọ ra ìgbẹ́ adìẹ. Ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ yí Ìkòròdú ká, mo sì ra àpò tó pọ̀, mo dà á sí i ní tútù bí wọ́n ṣe kó o dé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun tó kù níbẹ̀ jóná tán. Mo jókòó sórí àfọ́kù kọnkéré, mo sì sunkún, torí owó ti tán, àwọn ayálégbé ti ń kùn, àgbàlá sì ti burú ju bí a ṣe bá a lọ.

Bàbá kan tó ń ta irúgbìn lẹ́bàá ọ̀nà Ìjẹ̀dé ló là mí lójú. Mo gbé ewé ọsàn náà lọ fún un kó wò ó. Kò tà mí ní oògùn kankan.

"Ìyá Tóbi, ẹ gbẹ́ ihò, kó jìn tó apá. Ẹ bu omi kún un lálẹ́, kí ẹ lọ sùn."

Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ sọ fún un pé omi ṣì wà níbẹ̀.

"Omi tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn ò rí ọ̀nà gbà. Ibo wá lẹ fẹ́ kí gbòǹgbò gbà?"

Ó tẹ̀ lé mi délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ náà níṣojú mi. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lókè, yanrìn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí ògiri. Kò sí ekòló kan. Kò sí eèrà. Ilẹ̀ náà kò ní òórùn kankan, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó bá wà láàyè máa ń rùn, ẹ̀yin tí ẹ dé oko rí mọ òórùn tí mò ń sọ. Abẹ́ kọnkéré kò rí afẹ́fẹ́, kò rí ewé tó ń jẹrà, nítorí náà gbogbo ohun alààyè tó máa ń tú ilẹ̀ sílẹ̀ ti kú tàbí ti lọ. Èérún sìmẹ́ǹtì tún pọ̀ nínú rẹ̀. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ibi tí èérún rẹ̀ bá sì ti pọ̀ jù, irin inú ilẹ̀ tó jẹ́ ara oúnjẹ igi kì í ṣeé fà fún gbòǹgbò mọ́. Ohun tó sọ ewé ọsàn mi di ìyeyè nìyẹn. Ìgbẹ́ adìẹ tútù sì gbóná fún gbòǹgbò. Ó yẹ kí ó ti wà níbi kan kó jẹrà fún oṣù díẹ̀ kí á tó lò ó.

Ó sọ pé kí n má ra igi kankan mọ́ lọ́dún náà. Ìmọ̀ràn yẹn kò dùn mọ́ mi, òun ló sì gbà mí.

A kó òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn òkè kúrò. A gbẹ́ ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ dé orúnkún, a tú u sílẹ̀ láìfi ọwọ́ fọ́ ọ kúnná, a ṣa àfọ́kù sìmẹ́ǹtì kúrò lójú méjèèjì. Iṣẹ́ yìí ni ẹ má fi fún ẹni tó ń kánjú. Lẹ́yìn náà, ajílẹ̀ ló kù. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ẹ̀fọ́ tó rọ tí àwọn ìyá alẹ́fọ̀ọ́ ní ọjà ń dà nù, ewé gbígbẹ tí wọ́n gbá láti ilé ìjọsìn kan nítòsí, a kó gbogbo rẹ̀ jọ sí igun kan tó jìnnà sí yàrá, a fi ewé gbígbẹ bo ohun tútù kí eṣinṣin má bàa wá, a ń wọ́n omi sí i, a ń yí i padà. Ẹran àti epo kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, torí eku. Nígbà tó bá dúdú tó sì ń rùn bí ilẹ̀ inú igbó, ó ti ṣetán. A pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa, a wá gbin ẹ̀wà sórí rẹ̀. Àwọn ayálégbé rò pé a fẹ́ jẹ ẹ̀wà náà. Ilẹ̀ ni a gbìn ín fún. Àwọn kókó kéékèèké wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà tó ń mú oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, a gé e mọ́lẹ̀, a tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kó jẹrà, a fi gbòǹgbò sílẹ̀ nínú ilẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti ń bọ̀ sípò ni rinrin. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ó yọ ní ibi tó tutù lábẹ́ ògiri, ìyá mi ló rí i, ó sì pè mí láti yàrá pé kí n wá wò ó. Lẹ́yìn rinrin ni gbúre, lẹ́yìn gbúre ni a bá ekòló nígbà tí a ń tú ilẹ̀. Mo tún ihò bàbá onírúgbìn gbẹ́. Kí n tó wẹ̀ tán, omi ti rì.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará ilé, torí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ ju kọnkéré lọ, ẹ̀bi wọn sì kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ti ń fọ́ ibi tí wọ́n ń san owó lé lórí kí n tó pè wọ́n jọ. Bàbá Ṣẹ́gun, tó ní ọkọ̀, ló wá bá mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ìyá Tóbi, ẹ má bínú o. Ilé tí a gbà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ejò ńkọ́? Àwọn ọmọ ń ṣeré níta." Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ejò kì í déédéé wá nítorí ewé. Eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń tẹ̀ lé, ibi tí pàǹtírí tàbí àfọ́kù òkúta bá sì kó jọ ló ń fi ṣe ilé. Nítorí náà a kò jẹ́ kí òkìtì kankan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ohun tó kúrú nìkan ni a gbìn sí ẹnu ọ̀nà kí èèyàn lè rí ilẹ̀, a sì fi iná kan sí ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹ̀fọn náà, wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀fọn ń fẹ́ omi tó dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ rẹ̀ tó lè fò. Ẹ̀fọn kò lè bímọ sínú kòtò tí omi rẹ̀ ń rì láàárín ọjọ́ kan; inú agolo àti táyà tó wà káàkiri ló ti ń bímọ, àwọn ni a kó dànù.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan nínú ilé da ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ebè kan. Kò ní ẹ̀mí burúkú. Ilẹ̀ lásán ló rí. A ní láti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kó kúrò pátápátá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi pín ebè. Ẹbí kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, ohun tó bá wù ú ni kó gbìn, ohun tó bá sì so níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò ní láti ṣọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyá Rìsì gbin ẹfinrin àti ṣọkọ yòkòtò, ó sì ń tà lára rẹ̀. Bàbá Ṣẹ́gun gbin ata, òun ló wá ń bá àwọn ọmọ wí bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ síbẹ̀. Òfin tí a ṣe kò ju pé kí ẹnikẹ́ni má da omi ọṣẹ tó ní jíìkì tàbí Izal sí orí ilẹ̀.

Ní ti igi, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì nítorí pé ó ń yára dàgbà. Igi fúrúntù dára fún òjìji, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ ń tàn káàkiri, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń gbé ilẹ̀ sókè. Ọgbà kékeré kò gbà á. Ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́, kí wọ́n má sún mọ́ fẹ́ńsì tàbí sókàwéè rárá. Máńgòrò tí wọ́n lọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n so ẹ̀ka igi kan mọ́ ara òmíràn, kì í ga bí ti àtijọ́, ó sì ń tètè so, òun ni a fi rọ́pò èyí tí a gé. Ìbẹ́pẹ ń so láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀, ibi tó ga ni kí ẹ gbìn ín sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló fẹ́ràn omi. Ibi tí omi òjò ń sáré gbà tẹ́lẹ̀ lọ sí yàrá Ìyá Rìsì ni a tò wọ́n sí. Wòròwó ń ṣe dáadáa ní ibi tí oòrùn kò dé. Ewúro ló dára jù láti fi ṣe fẹ́ńsì fún ẹni tí kò lówó. Pèrègún, àwọn baba wa ti fi ń pààlà ilẹ̀ tipẹ́, ìdí sì ni pé bí a bá ti ki igi rẹ̀ bọlẹ̀, ó ń hù, kì í sì í fi gbòǹgbò da ẹnikẹ́ni láàmú. Akòko náà ń hù bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn kí ọmọ mọ igi tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ lé orí ọba, kó sì rí i nílé.

Bí ẹ bá fẹ́ fi kọnkéré yí igi ká, ẹ fi ẹnu sílẹ̀ fún un, kó fẹ̀ tó ibi tí àgbàlagbà lè nà sí pẹ̀lú apá méjèèjì. Gbòǹgbò ń mí. Igi kan wà ní òpópónà wa tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì mọ́ títí dé ọrùn nítorí ayẹyẹ ìgbéyàwó, kò tètè kú, ó kàn ń gbẹ láti orí wálẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ayé ló ń ṣe é.

Nípa àkókò, Èkó ní ọjọ́ gbígbin igi, ọjọ́ 14 oṣù keje, láti ọdún 2008. Ọjọ́ náà bọ́ sí inú òjò, ó dára. Ṣùgbọ́n òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì dé láti oṣù kọkànlá, igi tí a gbìn tí a yà fọ́tò lé lórí tí kò rí ẹni bomi rin ín nígbà ọyẹ́, ó ti lọ. Àwa ń gbìn bí òjò bá ti múlẹ̀ dáadáa, lóṣù karùn-ún sí ìkẹfà, kí gbòǹgbò lè rìn kí ọyẹ́ tó dé. A fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ nípọn, kí ewé náà má kan ara igi, a sì ní àgbá tí omi òrùlé ń kún fún ọjọ́ tí bọ́ọ̀hóòlù bá dákẹ́.

Omi kò tíì fi wá sílẹ̀ pátápátá. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú tó sì tún rọ̀ ní ọ̀sán, ó ṣì máa ń dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, torí omi àwọn ilé òkè ń bọ̀ wá bá tiwa. Ṣùgbọ́n kò wọ yàrá Ìyá Rìsì mọ́. Aládùúgbò tí a jọ jà náà wá wo kòtò wa nígbà tí òjò ń rọ̀, agbòòrùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró pẹ́. Ó ti yọ ìńtálọ́ọ̀kì ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì tirẹ̀.

Ẹnu géètì ló kù fún wa. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn kò fẹ́ kí á fọwọ́ kàn án, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá wálé ọdún. A jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí, a sì gbà pé kí á fi ìlà méjì sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìńtálọ́ọ̀kì tí a yọ tẹ́lẹ̀ la máa fi tò ó, kí á sì jẹ́ kí koríko tó ń rá hù sí àárín àti ẹ̀gbẹ́. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ti dáwọ́ dúró ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ṣẹ́gun máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí iwájú mọ́ṣáláṣí títí a ó fi parí, ìmáàmù ti gbà, púlọ́ńbà mìíràn sì ti wá fi ẹfun sàmì sí ibi tí páìpù gbà.